Bàtà Òyìnbó àti Iṣu Àwẹ̀ró
Ní ìlú kan létí òkun, òyìnbó tó ń yẹ ẹrù wò dé, ó ní òfin ìṣòwò òkè òkun kò gba erùpẹ̀ oko kankan láyè nínú ọkọ̀ ojú omi. Iṣu tí wọn kò bá fọ̀ kò ní wọlé, èyí tí wọ́n bá sì fọ̀ yóò jẹrà kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ káwọ́ lérí, àfi Àwẹ̀ró tó pọn ọmọ sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo iṣu rẹ̀ ló ṣì wà nílẹ̀ láìtíì wọkọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ṣé iṣu nìkan lòfin yín mú ni?" "Ohun gbogbo ni! Bí ọba wa gan-an bá gbé erùpẹ̀ dé, kí atukọ̀ dá a padà!" Atukọ̀ tó dúró lẹ́nu ọkọ̀ gbọ́, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ wá fojú ara yín rí oko wa." Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Òyìnbó la àárín ebè já, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún. Bó ṣe fẹ́ padà wọkọ̀, Àwẹ̀ró nawọ́ sí bàtà rẹ̀: "Atukọ̀, erùpẹ̀ oko rèé o!" Atukọ̀ dínà. Òyìnbó fọ bàtà títí, erùpẹ̀ kò tán lójú ibi tí wọ́n ti rán an. Ó figbe ta: "Ẹ fún mi ní nǹkan gbígbẹ kí n fi gbo ó! Ohun tí a bá ti gbo, ó ti mọ́!" "Ẹ tún un wí, sà, ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ò gbọ́," ni Àwẹ̀ró wí. Ó tún un wí. Atukọ̀ rẹ́rìn-ín: "Bó bá mọ́ fún bàtà, ó mọ́ fún iṣu." Kí òyìnbó tó gbo ẹsẹ̀ kan tán, Àwẹ̀ró àtàwọn obìnrin àgbẹ̀ yòókù ti ń fi èèpo àgbọn gbo iṣu wọkọ̀. Lọ́dún kejì, òyìnbó yìí tún gbé òfin tuntun dé, ṣùgbọ́n láìwọ bàtà ló sọ̀kalẹ̀.