Okùn Gígùn Ọ̀kẹ́rẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fetí sílẹ̀. Àlọ́ mi fò lókè, kò bà lé igi, kò bà lé òkè. Orí Ọ̀kẹ́rẹ́ ló bà lé, òun àti okùn rẹ̀ gígùn.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko. Ewé rọ, ilẹ̀ là. Ni Alágẹmọ, ọlọ́nà, bá gbẹ́ ọmọlangidi kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ó tún gbẹ́ igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó kọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan sára wọn: “Yà sọ́tùn-ún, lọ sódò.” “Bù ú.” “Dà á sóko.” Ó to wọn sórí okùn, ó so okùn mọ́ ọmọlangidi. Háà! Igi dìde! Igi rìn lọ sódò, ó bu omi, ó dà á sóko! Erin tó jẹ́ ọba ya ẹnu, kò lè pa á dé. Àwọn àgbà ń wárìrì, àwọn ọmọ ń pariwo ayọ̀.

Ọba ní, “Ẹni tó bá to okùn tó dára jù ni màá fi jẹ olórí odò.”

Igi mẹ́ta yìí ni Ìgbín tò. Ó wá fi ẹ̀kẹrin kan sí i: “Tún un ṣe lógún ìgbà.” Ó parí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ìrù rẹ̀ fi gbọ̀n. “Ìgbín, èyí náà lo fẹ́ gbé síwájú ọba?”

“Òun náà ló ń pọn omi, ẹ̀gbọ́n.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ kọrí sí ìgboro. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń purọ́ pé, “Alágẹmọ ní kí n wá gba igi.” Ó to igi mẹ́ta kan náà tẹ̀lé ara wọn nígbà ogún. Okùn náà gùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ìdí ìrókò. Ọba rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ro ó. “Ọ̀kẹ́rẹ́, orí rẹ pé o!” Bó ṣe joyè nìyẹn.

Kò pẹ́, odò ọwọ́ ọ̀tún gbẹ. Ìsun tuntun yọ lápá òsì. Olóyè wa bá gba ojú odò gbígbẹ náà, ó kọ́ àká síbẹ̀, ó kó gbogbo irúgbìn àgbàdo rẹ̀ sínú rẹ̀.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàálé mi, ọmọlangidi wa ṣì mọ ọ̀nà ibẹ̀ o. Oúnjẹ àwọn ọmọ nìyẹn!”

“Mo ti yí i sí òsì.”

Irọ́ ni! Nínú ogún igi tó ní “Yà sọ́tùn-ún”, méje péré ló yí sí òsì. Ọwọ́ ń dùn ún, ó fi mẹ́tàlá sílẹ̀. Ìgbín ní tirẹ̀ yí igi kan ṣoṣo, ó lọ jókòó.

Ilẹ̀ mọ́. Ọmọlangidi Ọ̀kẹ́rẹ́ yà sósì nígbà méje, ó pọn omi. Nígbà kẹjọ, ó yà sọ́tùn-ún. Ó wọnú àká, ó bu àgbàdo, ó dà á sóko. Àwọn àdàbà rọ́ dé, wọ́n ń ṣà á jẹ!

“Dúró! Mo ní kó o dúró!” Ọ̀kẹ́rẹ́ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ọmọlangidi wọ́ ọ lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré sídìí okùn. Èwo ni kó yọ nínú ohun tó jọra bẹ́ẹ̀? Ó fa ọ̀kan tu, òsì ni. Ó fa òmíràn, òsì náà ni. Kó tó rí ẹyọ kan nínú àwọn tó ṣì ní “sọ́tùn-ún”, àká ti ṣófo. Àwẹ̀ró ń sunkún.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ọ̀kan nínú àwọn igi náà, ó lọ bá Alágẹmọ. “Ọmọlangidi rẹ ti ya wèrè!”

Alágẹmọ bá a lọ sílé, ó rọra ka gbogbo igi orí okùn náà. Ojú rẹ̀ kún fún ìyanu. “Kò ṣi ẹyọ kan, Ọ̀kẹ́rẹ́. Gbogbo ohun tó o ní kó ṣe ló ṣe.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣí fìlà oyè lórí, ó lọ sílé Ìgbín lọ tọrọ irúgbìn.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń to àṣẹ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà níléèwé: ohun tí ẹ lè sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sọ ọ́ lógún ìgbà. Iṣẹ́ gígùn kọ́ ni iṣẹ́ pípé. Bí mo bá parọ́, kí ẹ má fetí sí mi lọ́la.