Ooru Àyà Tí Adìẹ Àmúlùmálà Fi Ṣe Pàṣípààrọ̀

Nígbà láéláé, kò sí adìẹ tó ń yé ẹyin kó wá kẹ̀yìn sí i. Gbogbo wọn ló ń yé, gbogbo wọn ló sì ń sàba lé e títí òròmọdìẹ yóò fi yọjú.

Láyé ìgbà náà, ìyàwó àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń sin adìẹ. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá rẹ̀ jẹ́ adìẹ ilé bíńtín, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ àkùkọ gàgàrà tí àwọn arìnrìnàjò kó wá láti òkè òkun. Àmúlùmálà ni àwọn adìẹ yòókù ń pè é.

"Ẹ yà fún Àmúlùmálà o, kó má baà tẹ̀ wá pa!"

"Kò jọ ìyá, kò jọ bàbá, àfi oúnjẹ ló mọ̀!"

Èébú yẹn kọ́ ni ìyọnu rẹ̀. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ wúwo jù. Bó bá yé ẹyin mẹ́fà, tó jókòó lé e, ká tó wí, ká tó fọ̀, gbogbo rẹ̀ ti fọ́ mọ́ ọn lábẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Àwẹ̀ró bá omi ẹyin nínú ìtẹ́, ó káwọ́ lérí.

"Adìẹ tó ń jẹ àgbàdo bí ẹṣin! Kò fún mi lẹ́yin jẹ, kò fún mi lọ́mọ sìn. Bí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ bá pé tí mi ò rí nǹkan kan, inú ìkòkò ọbẹ̀ nilé ẹ."

Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù.

Àmúlùmálà kò lè jẹun mọ́. Bí Àwẹ̀ró bá pọ́n ọ̀bẹ láti rẹ́ ilá, Àmúlùmálà á ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́. Bí wọ́n bá gbé omi kaná, á sá sẹ́yìn igi. Á ká ẹsẹ̀ kan pamọ́ sínú ìyẹ́, bíi pé bí wọn ò bá rí ìdajì rẹ̀, wọn ò ní lè pa á.

Ó lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀, adìẹ àgbàlagbà kan tó kéré bí àdàbà. Wínníwínní lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ gbà mí, ìyá mi. Wọ́n fẹ́ pa mí."

"Ìwọ nìkan?" ni Wínníwínní wí. "Mo mọ sísàba bí ẹní mowó, àmọ́ ẹyin ti gbẹ nínú mi. Ta ló fẹ́ fi adìẹ tí kò yé sílẹ̀? Gbọ́, ọmọ mi. Fún mi ní ooru àyà rẹ, èyí tí a fi ń sàba. Ẹni tí kò bá dúró sàba, ojoojúmọ́ ni yóò máa yé. Ìwọ máa yé, èmi a máa sàba. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà á, kò ní ìpadàbọ̀ o."

"Àwọn ọmọ mi wá ńkọ́?"

"Ọmọ tó ti fọ́ sínú ẹyin, ta ló ń pè ní ìyá?"

Lójú ẹsẹ̀, ìdérí ìkòkò dún gbàmù ní ilé ìdáná. Àmúlùmálà fò sókè.

"Ẹ gbà á! Ẹ tètè gbà á!"

Ó fi àyà kan àyà Wínníwínní. Ooru náà lọ. Àyà rẹ̀ tutù bí ara àmù.

Lọ́jọ́ kejì, ó yé. Lọ́jọ́ kẹta, ó yé. Nígbà tí ọjọ́ ọjà yóò fi pé, ẹyin mẹ́ta gbáko ni Àwẹ̀ró kó nínú ìtẹ́. Ó dá ọ̀bẹ padà, ó ń rẹ́rìn-ín. Àmúlùmálà kò dákẹ́ yíyé. Àwẹ̀ró ń jẹ nínú ẹyin náà, ó sì kó mẹ́wàá sábẹ́ Wínníwínní.

Nígbà tó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún, ẹyin là. Àmúlùmálà sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi!"

Àwọn òròmọdìẹ sá wọ abẹ́ Wínníwínní. Wínníwínní wú ìyẹ́ sókè.

"Ọmọ ta? Má dẹ́rù ba àwọn ọmọ mi!"

"Ìyá mi, ẹyin mi mà ni!"

"Ẹyin lo fún mi. Ọmọ ni mo ní."

Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn rìn wá, ó rápálá wọ abẹ́ àyà Àmúlùmálà. Ó gbọ̀n níbẹ̀ díẹ̀. Ó sì jáde, ó padà síbi tó ti móoru.

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ àmúlùmálà ti ń yé ṣáá tí kì í sàba. Bó bá ti yé tán, á dìde, á figbe ta yí ilé ká: "Èmi ni mo yé e! Èmi ni mo yé e!" Láti ọjọ́ náà sì ni adìẹ ilé kékeré ti ń sàba lé ẹyin ẹlẹ́yin, ìbáà jẹ́ ti pẹ́pẹ́yẹ.

Àwọn èèyàn wá ń sọ pé adìẹ àmúlùmálà kò níwà ìyá. Ẹyin rẹ̀ ló wà lẹ́nu wọn tí wọ́n fi ń sọ ọ́.