Ìkòkò Orí Ìwé

"Ìkòkò orí ìwé kì í jò." Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní, ẹ ó rò pé ẹni tó sọ ọ́ kò rí nǹkan gidi sọ. Ta ni kò mọ̀? Ta ló bu omi sínú ìwé rí? Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá kẹ́ ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Tìámíyù, ọmọ Sàrátù amọ̀kòkò, ló kọ́ iṣẹ́ ìkànnì ayélujára bọ̀ láti Ìbàdàn. Inú àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ládùúgbò wọn dùn, torí ọjà ti kú. Ike ti gba oníbàárà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti pinnu pé bí ọgọ́fà ìkòkò tí wọ́n sun lọ́dún yẹn kò bá tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ó pa iná ẹbu tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, kálukú á sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Sàrátù ló dìde láàárín wọn.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi bá wa tà á lórí ìkànnì. Bí kò bá ṣe é dáadáa, èmi ni kẹ́ ẹ mú."

Tìámíyù lẹ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ mẹ́rin pọ̀, ó kàn án mọ́ ògiri, ó sì ya àpótí àti ọfà sí i. Àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú-ewé kan lórí ìkànnì, ọfà sì ni ọ̀nà tí oníbàárà yóò gbà láti ọ̀kan dé èkejì. Àwọn ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá ń tọ ọ̀nà náà bí ẹni ń lọ sódò.

Ìyá Ẹbu, olórí wọn, fi ìka tọ ọfà lọ, ó tọ ọfà bọ̀, ó wá dúró gbọn-in níbi àpótí tí oníbàárà ti ń sọ iye ìkòkò tó fẹ́.

"Tìámí, ẹni tó bá wọ ibí, ibo ló máa gbà jáde?"

Tìámíyù wò ó títí. Kò sí ọfà tó jáde níbẹ̀ lóòótọ́.

"Ẹ̀yin ìyá yìí! Ká ní mo ti kọ́ ọ tán ni, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ǹ bá fi tú u." Ó fi rọ́bà pa ibẹ̀ rẹ́, ó fa ọfà mìíràn, ó parí.

Ilé ho yèè. Orí Tìámíyù wú.

"Jẹ́ ká pe oníbàárà kan kó wá bá wa wò ó," ni Ìyá Ẹbu wí.

"Ìyá, kí ló tún fẹ́ wò? Gbogbo ohun tí oníbàárà ń ṣe ló wà lára ògiri yìí. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó kọ́ ìkànnì náà gẹ́lẹ́ bó ṣe yà á. Àwọn èèyàn ń wọlé o! Wọ́n ń tọ ọfà, wọ́n ń dé ibi tí ìkòkò wà, wọ́n ń wò ó, wọ́n sì ń padà lọ. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kejì, ẹyọ ìkòkò kan kò tà. Ojú ọ̀run ti ń ṣú lọ́sàn-án. Sàrátù kò lè jókòó láàárín ẹgbẹ́ mọ́, ìtìjú ń pa á, ó sì ń dun ọmọ rẹ̀ dọ́kàn. Tìámíyù dúró níwájú ògiri, ó tọ gbogbo ọfà, kò rí èyí tó ṣì.

Àfi lọ́jọ́ tí obìnrin alásè kan tó ń jẹ́ Múínátù wọ ọkọ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó ní orí fóònù lòun ti rí ìkòkò wọn. Kò tíì kí wọn tán tó fi gbé ìkòkò kan, ó fi oríkèé ìka kàn án, ó tẹ́tí. Kọ̀ń! Ó gbé e sọ́tọ̀. Ó kan òmíràn. Pọ̀! Ó dá a padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni Tìámíyù wí, "kí ló dé tẹ́ ẹ ò rà á lórí ìkànnì?"

"Àbúrò, mo rí ẹwà rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Àbí o fẹ́ kí n gbé ìkòkò tó ti sán kaná ni?"

Tìámíyù fọwọ́ bo ẹnu. Ohun tó ti ń gbọ́ láti orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀! Kò séèyàn tó ń ra ìkòkò láì kàn án. Ó ti mọ́ wọn lọ́wọ́ débi pé ẹnikẹ́ni, títí kan Ìyá Ẹbu, kò rántí dárúkọ rẹ̀. Àwòrán mọ ọ̀nà, kò mọ ohun tí etí oníbàárà ń wá.

Ó ní kí ìyá rẹ̀ jókòó. Sàrátù ń kan ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ń fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá dún pọ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá tẹ ìkòkò lórí ìkànnì á gbọ́ kọ̀ń. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan láti Ọ̀fà ra méjì. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ku mẹ́ta péré, Sàrátù sì ti padà sáàárín ẹgbẹ́, ó ń pariwo ju gbogbo wọn lọ.

Tìámíyù fẹ́ já àwòrán náà lulẹ̀. Ìyá Ẹbu di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi sílẹ̀ ńbẹ̀. Ṣé òun kọ́ ló fi àpótí tí kò lọ́nà hàn wá? Ó ṣe tirẹ̀. Ìwọ lo ní kò sí ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀." Ó mú bírò, ó ya ìkòkò kékeré kan sí igun ìwé náà. "Wò ó dáadáa. Ṣó ń jò?"

Tìámíyù bú sẹ́rìn-ín. "Kò jò, Ìyá."

"Kò lè jò. Èyí tó wà nílẹ̀ ni kóo máa bu omi sí wò."

Àwòrán náà ṣì wà lára ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró níwájú rẹ̀ tó ní gbogbo nǹkan ti pé, àwọn ìyá kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn gbé igbá omi lé e lọ́wọ́: ìkòkò orí ìwé kì í jò.