Olówó Tó Fẹ́ Kí Òkun Dákẹ́
Olóyè Lágúnjú gba odidi erékùṣù kan láti fi sinmi, òun àtàwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tó ń gbé ìbọn. Ajá tó gbó sí i létí lánàá, inú omi ni wọ́n jù ú sí. Lọ́sàn-án yìí, ariwo òkun ò jẹ́ kó sùn, ló bá ní kí Ìbídùn tó ń se oúnjẹ fún un pa òkun lẹ́nu mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bá ajá lọ. Wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n tì í dé etí omi. Ìbídùn dẹ etí sí ìgbì, ó ní, "Olóyè, òkun ti gbà. Ó ní ariwo yẹn ni èémí òun. Tí ẹ bá lè dá èémí yín dúró títí oòrùn yóò fi wọ̀, òun náà yóò dá tòun dúró." Olóyè fún imú pọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó yọ síta, ló bá tú imú sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbì ńlá kan sán lu etíkun. Ìbídùn ní, "Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mí o." Olóyè fà sẹ́yìn kúrò létí omi. "Ẹ tú u," ló wí wúyẹ́wúyẹ́.