Èèpo Funfun Inú Ìkòkò Àwẹ̀ró

Ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ẹfun, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ìyàwó Láòyè àgbẹ̀. Inú òkúta funfun ni omi kànga abúlé náà ti ń sun. Ó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì ń sè é, nǹkan funfun kan a máa lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò bí èèpo igi.

Àwẹ̀ró ní ìkòkò ńlá kan tí kì í kúrò lórí ààrò. Ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló mọ ọ́n fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Nínú rẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń bu omi gbígbóná: èyí tí Láòyè fi ń wẹ̀ bó bá ti oko dé, àti èyí tí ìyá Láòyè fi ń jó orúnkún tó ń dùn ún.

Lọ́jọ́ kan, ìyá Láòyè wo inú ìkòkò náà, ó mi orí.

“Ìyàwó, èèpo yìí ti pọ̀ jù. Bu omi ògì tó kan dáadáa sí i, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yóò rọ̀, wàá sì fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ kúrò. Bí òjò bá sì ń rọ̀, omi òjò ni kí o máa sè. Ìyẹn kì í ní èèpo.”

“Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ń bà mí kí omi kíkan má lọ jẹ amọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ló kù tí mo fi ń rántí ìyá mi. Àti pé, ṣebí bí èèpo náà ṣe ń nípọn ni ìkòkò ń lágbára sí i?”

“Kò lágbára, ìyàwó. Ṣé o ò rí i pé omi ń pẹ́ kó tó hó?”

“Ó dáa, Ìyá. A óò ṣe é.”

Òjò rọ̀, òjò dá, wọn kò ṣe é. Igi tí wọ́n ń kó sídìí ààrò ń pọ̀ sí i. Ìyá Láòyè kò sọ ọ́ mọ́, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ìyá ọkọ tí ń wá ìjà.

Ó ti pẹ́ tí Àwẹ̀ró ti ń wá ọmọ. Nígbà tó wá lóyún, ayọ̀ kún ilé. Ṣùgbọ́n oṣù kò pé tí ìrọbí fi mú un ní òwúrọ̀ kan tí ọyẹ́ mú gan-an. Ọmọbìnrin ló bí. Ọmọ náà kéré bí ẹyẹlé, ara rẹ̀ sì tutù.

“Láòyè, omi gbígbóná!” ni ìyá rẹ̀ ké láti inú yàrá.

“Kò tíì gbóná, Ìyá!”

“Koná mọ́ ọn!”

Láòyè ki igi bọ ààrò títí iná fi ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, omi náà kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Lójijì, gbàù! Ìdí ìkòkò là sí méjì. Gbogbo omi dà sórí iná, ààrò di eérú tútù, igi tó wà nítòsí sì rin gbingbin.

Láòyè gbé igbá, ó sáré lọ bu omi gbígbóná wá ní ilé aládùúgbò tó sún mọ́ wọn jù, tó wà lódìkejì odò. Ìyá rẹ̀ tú aṣọ, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà ara rẹ̀. Nígbà tí Láòyè fi máa padà dé, omi inú igbá ti ń tutù, ìyá rẹ̀ kò sì na ọwọ́ gbà á.

“Gbé e sílẹ̀, ọmọ mi,” ló wí.

Wọ́n sin ọmọ náà láìtíì sọ ọ́ lórúkọ. Àwẹ̀ró wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí ààrò, ó mú àpáàdì kan. Èèpo ara rẹ̀ nípọn ju amọ̀ lọ.

“Ìyá, ẹ bá mi wí,” ó ń sunkún. “Ẹ bá mi wí.”

“Kí ni mo fẹ́ wí, ọmọ mi? Èmi tí mo dákẹ́ ńkọ́?”

Àwẹ̀ró kò bímọ mọ́. Títí tó fi darúgbó, bó bá ti gbọ́ pé ẹnìkan lóyún, yóò lọ sílé onítọ̀hún. Kó tó kí ará ilé, ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi ni yóò kọ́kọ́ ṣí, yóò sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Àwọn kan ń bínú, àwọn kan ń káàánú rẹ̀. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan tilẹ̀ sọ fún un pé, “Ìyá, ìkòkò mi dára, ẹ wo bó ṣe dúró.” Àwẹ̀ró kò gbé ojú sókè. Ó ń fi èékánná ha inú ìkòkò náà, ó sì dá a lóhùn.

Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà ń fi pa òwe títí dòní pé: ìkòkò tí a kò fọ̀ nínú, ọjọ́ tí a bá ń wá omi gbígbóná ni í fọ́.