Irùngbọ̀n Tó Gùn Ní Ìdí-Obì

"Ẹnu oníròyìn ni irùngbọ̀n oṣó ti ń gùn." Ẹ máa ń pa òwe yìí, ẹ ó sì mirí bí àgbà. Ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀?

Ní abúlé Ìdí-Obì, wọ́n fẹ́ lé Ṣógbadé kúrò nílé pé oṣó ni. Ọ̀rọ̀ náà ká Ọmọ́yẹni ìyàwó rẹ̀ lára, torí Láwoyin tó fẹ̀sùn kàn án ló bá wọn pààlà. Bí wọ́n bá lọ, ta ni yóò ká obì wọn? Láwoyin aláàánú ni!

Láyé àwọn baba wọn, ẹni tó bá mọ ewé tó sì dákẹ́ ni wọ́n ń pè lóṣó, wọn a sì máa gbé iṣu fún un. Nígbà tó yá, ìtàn fún oṣó ní ìyẹ́ àdán. Ìgbà tí ìwé aláwòrán dé ilé ẹ̀kọ́, oṣó tún di ọ̀ṣọ́: fìlà ṣóńṣó bí òkìtì ọ̀gán, ọ̀pá, irùngbọ̀n. Irú èyí gan-an ni Láwoyin ní òun rí.

Àṣà wọn ni pé olùfisùn gbọ́dọ̀ ṣàpèjúwe ẹni tó rí kí wọ́n tó mú un wọlé síwájú Baálẹ̀.

"Baálẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà," ni Láwoyin wí. "Kí ni mò ń sọ? Ó dé ìdodo. Àní ó fi ń gbálẹ̀!"

Wọ́n mú Ṣógbadé wọlé. Àgbọ̀n rẹ̀ ń dán bí ìdí ọmọ jòjòló.

Ọmọ́yẹni bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará ilé mi, láti ìgbà tí mo ti ń bá ọkùnrin yìí sùn, irun kan kò gún mi rí! Bó bá ní irùngbọ̀n, obìnrin míì ló ń gbádùn rẹ̀. Ẹ bá mi gbà á padà!"

Ó wá yíjú ká. Irùngbọ̀n kan ṣoṣo ló dé àyà láàárín wọn: ti Láwoyin.

"Láwoyin," ni Baálẹ̀ wí, "ta ni ká lé báyìí?"

Láwoyin fọwọ́ bo àgbọ̀n. "Baálẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀ nígbà tí mo rí i."

"Ilẹ̀ ṣú, o sì wọn irùngbọ̀n?"

Ṣógbadé bá aya rẹ̀ padà sídìí obì wọn. Láwoyin gba ilé onígbàjámọ̀ lọ. (Mo dúpẹ́ pé n kò sí níbẹ̀, irun tó hù lágbọ̀n èmi arúgbó yìí kò kéré.)

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń bu iyọ̀ sí ìròyìn láti fi ba ẹlòmíràn jẹ́, àwọn àgbà a ní ẹnu oníròyìn ni irùngbọ̀n oṣó ti ń gùn. Ká tó lé ènìyàn jáde nílé, ká kọ́kọ́ wo àgbọ̀n rẹ̀.