Abọ́ Ata tí Wọ́n Gbé Lọ

Nínú èmi àti ìyá ọkọ mi, ta ni àlejò nídìí tábìlì ọjọ́ náà? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi léèrè, n kò sì tíì rí i dáhùn.

Amẹ́ríkà ni a wà, ní ìlú kan tí oòrùn rẹ̀ mú bí ti ilé. Ọkọ mi, Gbádébọ̀, ń wa ọkọ̀ àjàgbé, ó sì máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà kí ó tó wálé. Nígbà tí mo bí Àwẹ̀ró, ìyá ọkọ mi wá láti Ìsẹ́yìn láti bá wa tọ́ ọmọ. Màmá ló ń wẹ̀ ẹ́, Màmá ló ń pọ̀n ọ́n tí mo fi ń rójú sùn. Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara mi. Bí ọmọ bá sùn jù, màá gbé ìka sí ihò imú rẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá ó ń mí. Bí kò bá sùn, àyà mi á tún máa já. Nígbà tó fi máa ku ọ̀la kí Màmá padà sílé, ó ti rẹ̀ mí kọjá ohun tí oorun lè wò.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró tì mí díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Ta ni èmi tí màá ní kí ìyá ọkọ mi fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rù ọmọ ń bà mí? Mo rò ó pé tí mo bá kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ tó dára, ọ̀rọ̀ náà á rọrùn láti sọ.

Lúpẹ̀, obìnrin Mẹ́síkò kan tí a jọ ń lọ sí kíláàsì àgbà láti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti máa ń sọ fún mi pé àgbàdo, ẹ̀wà àti ata ni oúnjẹ ilẹ̀ wọn. Mo ní ẹni tó ń jẹ àgbàdo, ẹ̀wà àti ata, ará ilé wa ni. Ilé oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò kan sì wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa. Mo pọn Àwẹ̀ró, a fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lọ́sàn-án.

A kò tíì jókòó dáadáa tí ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fi gbé abọ́ ata kan ka iwájú wa, ata pupa tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ tòmátì àti àlùbọ́sà, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àgbàdo díndín pẹlẹbẹ. Màmá gbóòórùn ata náà, ojú rẹ̀ tàn. Mo nawọ́.

"Fi sílẹ̀," ni Màmá wí. "Ta ní í fọwọ́ kan ọbẹ̀ kí òkèlè tó dé? Kí wọ́n má rò pé ebi ló lé wa wá síbí."

"Àgbàdo yìí ńkọ́, mà?"

"Kókóró nìyẹn. Ọmọdé ni wọ́n fi ń tàn."

Mo nàka sí oúnjẹ kan fún ọmọbìnrin náà nínú ìwé oúnjẹ wọn, ó lọ, a sì káwọ́ gbera, à ń retí òkèlè. Ọmọbìnrin náà padà wá, ó nàka sí abọ́ náà, ó sì yára bi mí ní nǹkan kan. N kò gbọ́ ọ. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa ní gbólóhùn tí a fi ń ní kí èèyàn tún ọ̀rọ̀ sọ, mo sì mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n ojú tì mí níwájú Màmá. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kó ata àti àgbàdo náà, ó lọ.

"Ó lọ gbé e kaná," ni Màmá wí. "Ata tútù kò bá òkèlè lọ."

Ohun tó gbé dé ni ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ funfun wé pinpin, tí wọ́n da wàràkàṣì lé lórí. Màmá yí àwo tirẹ̀ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ìyàwó mi, kí ló dé tí wọ́n wé ìrẹsì yìí bí ọmọ titun? Ṣé òtútù ń mú un ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn, mà."

"Ata wa dà?"

"Bóyá ó ń bọ̀, mà."

Kò bọ̀. Màmá ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń lo oògùn. Kò ní ata, iyọ̀ rẹ̀ kò tó, wàràkàṣì náà ń fà bí ilá, kò sì dùn bí ilá. Èmi náà jẹ ẹ́, kò lọ lọ́fun. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn mi. Mo dìde, mo ń rẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu láti àárọ̀ sì tú ká. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ ẹni tí ebi ṣì ń pa?

Màmá nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wò mí títí.

"Ọ̀la náà ni mò ń lọ, àbí?"

Mo mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀la ni."

"Ó dáa," ni ó wí. Ó gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó pọ̀n ọ́n títí a fi délé.

Ó lọ lóòótọ́. Mo ń tọ́ ọmọ bí mo ṣe lè tọ́ ọ. Orí ìjókòó ni mo ti ń sùn. Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, tí mo ròyìn oúnjẹ náà fún Lúpẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tiwa ni ata yẹn. Àgbàdo yẹn ló yẹ kí a máa fi bù ú jẹ, kí a sì da ìyókù sórí ìrẹsì. Ó ní ohun tí ọmọbìnrin náà bi mí kò ju bóyá a ti ṣe tán lọ.

Àwẹ̀ró ti ń sáré káàkiri ilé kí n tó sọ ọ́ fún Màmá lórí fóònù, kó lè bá mi rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní:

"Ìyàwó mi, wọ́n gbé ata tèmi náà lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má tíì retí mi. Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àlejò kì í fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò lọ mọ́. Mo ní bí o bá lè ní kí n dúró, màá dúró. Mo tilẹ̀ bi ọ́. O ní ọ̀la ni."

Òwe kan ti wà kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ìdí abọ́ ata yẹn ni wọ́n bí i sí, òun ló sì fà á tí èmi àti Màmá fi ń pa á fún ara wa títí dòní pé: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.